Màmá Ìkirun Kò Sáré

Bí Màmá Ìkirun ṣe dé ẹnu yàrá tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun wà nílé ìwòsàn, ó ti àtàǹpàkò bọ ihò tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lára ilẹ̀kùn, bí gbogbo àlejò ti ń ṣe. Ilẹ̀kùn tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní:

"Ẹ kú àbọ̀, Mà. Àwọn ọmọ-ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ yín ti tú jáde, wọ́n ń jẹ ṣúgà bí ẹni ń lọ sójú ogun. Àmì ara wọn kì í ṣe ti àìsàn, ti ẹni tó sáré ni. Ẹ jókòó kí wọ́n rọlẹ̀."

"Ta ló sáré? Èmi àgbàlagbà?"

Adétọ́ún, ọmọ Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. "Màmá, àtẹ̀gùn lẹ tún sáré gùn, àbí?"

"Mi ò sáré o!"

Màmá jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ ké nínú yàrá, Màmá fò dìde. Ilẹ̀kùn ní kó tún jókòó. Ló bá rọra ń ki ọmọ náà láti ìta: "Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró mi, èmi ni mo wá wẹ̀ ọ́." Ọmọ dákẹ́. Èémí Màmá náà wálẹ̀. Ó tún ti àtàǹpàkò bọ ihò, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Bó ṣe gbé ọmọ báyìí, ọmọ figbe ta, ó ń tasẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tí okùn tó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ṣì wà ní gìgísẹ̀ ọmọ, sọ̀rọ̀: "Àwọn ọmọ-ogun ọmọ yìí ti tú jáde."

Àyà Adétọ́ún já. Màmá kàn rẹ́rìn-ín, ó gbá ọmọ mọ́ra.

"Fọkàn balẹ̀. Òun náà sáré wá pàdé mi ni."