Iná Ò Gbọdọ̀ Kú Mọ́jú

Àdéhùn tó wà láàrin Arlene Gagnon àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kò díjú rárá. Paulette yóò wá lo ọ̀sẹ̀ tó tutù jù nínú ọdún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ní orí òkè ní àríwá Vermont. Bí iná inú sítóòfù onígi bá wà láàyè ní gbogbo àárọ̀ títí di Sọ́ńdè, láìjẹ́ pé ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, Arlene á máa gbé ilé rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ Burlington, ìlú tí Paulette ń gbé, sí i létí mọ́. Bí ó bá kú lẹ́ẹ̀kan péré, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ Paulette àti Doug, ọkọ rẹ̀.

Ohun tó fà á kò pamọ́. Lọ́dún tó kọjá, iná kú mọ́ Arlene lọ́wọ́ lóru, omi dì nínú páìpù, Merle aládùúgbò ló bá a lórí àga tí ètè rẹ̀ ti ṣú. Láti ìgbà náà ni Paulette ti ń sọ fún gbogbo ìjọ pé òun ń bẹ ìyá òun kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ìyá òun ló ń ṣorí kunkun.

Arlene mọ sítóòfù rẹ̀ dunjú. Nírọ̀lẹ́, á to igi mápù tó nípọn kún inú rẹ̀, á ṣí ọ̀nà èéfín sílẹ̀ títí ọwọ́ aago tó ń wọn ooru lórí rẹ̀ á fi sún dé ibi tó gbóná, kó tó fa ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ láti dí ọ̀nà náà. Èéfín á wá gba inú afárá kọjá, ìyẹn nǹkan oníhò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, tó ń jó èéfín náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà á dín afẹ́fẹ́ kù, igi á sì máa jó jẹ́jẹ́ di àárọ̀. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ irin yẹn sílẹ̀ lókè, igi á jó tán kílẹ̀ tó mọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dúró de aago yẹn kẹ́ ẹ tó fà á wálẹ̀?" Paulette bi í nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n má béèrè ọ̀rọ̀ ni?"

Arlene ṣàlàyé fún un, àmọ́ ara fu ú. Láti kékeré ni Paulette ti ń sá fún èédú.

Láàárọ̀ Túsìdé, iná wà, ẹyín rẹ̀ pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ irin wà lókè. Arlene dúró wò ó. Ó dá a lójú pé òun fà á wálẹ̀ kí òun tó gòkè lọ sùn. Ó tún fà á wálẹ̀. Nídìí oúnjẹ, ó rí eérú létí ọwọ́ súẹ́tà ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo sùn fọnfọn, Mọ́mì."

Irọ́ ni, nítorí ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ṣàìsùn. Ta ló sì fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóru? Bí Arlene bá ti yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí, wọn ì báà fi àáké la ilẹ̀kùn, kò lè mọ̀.

Ní Tọ́sìdé, Merle kó igi wá. Arlene fà á wọ abẹ́ àtíbàbà.

"Ó ń dìde lóru wá ṣí ọ̀nà èéfín, kí igi mi lè tètè jó tán. Ọmọ tí mo bí!"

Merle rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá dé tí iná ò kú?"

"Torí pé kò mọ̀ nípa iná. Ọwọ́ mi ju tiẹ̀ lọ."

"Ìyá arúgbó onífáàrí! Afárá inú sítóòfù yẹn ńkọ́, ṣé o ti pààrọ̀ ẹ̀? Mo sọ fún ẹ nígbà tí ewé ń já bọ́ pé ó ti ń fọ́, pé bó bá dí, èéfín ò ní rọ́nà kọjá, iná á sì máa kú lóru."

"Kí ni mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ fún? Ṣé iná kì í dé àárọ̀ ni?"

"Ó dáa, mo ti gbọ́." Merle to igi díẹ̀ sí i, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Paulette lánàá tó ń bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, níta, nínú òtútù yìí. Ó ní, 'Fọkàn balẹ̀, tó bá fi máa di Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ yìí á ti parí.' Ìfura loògùn àgbà o, Arlene."

Ọ̀rọ̀ náà dun Arlene wọ eegun. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ ju "káàárọ̀" àti "bá mi gbé iyọ̀" lọ.

Ní Sátidé, Paulette bá a fọ irun nínú bẹ́sìnì ilé ìdáná. Ìka rẹ̀ rọra ń rìn lórí awọ orí ìyá rẹ̀, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Arlene di ojú. Ó ń ronú pé ta ni yóò fi ibùsùn gbígbóná sílẹ̀ lóròòru, tí yóò fi eérú yí ara rẹ̀, tí yóò máa rẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ, nítorí pé ó kàn fẹ́ kí ìyá náà wà nítòsí òun? Láti ìgbà tí Roméo ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìbínú inú rẹ̀ yọ́ pátápátá.

"Yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?"

Ọwọ́ Paulette dúró. "Ó ní. Ẹrù Doug ló ṣì wà níbẹ̀." Ó bu omi sí i lórí. "Kí lẹ ń bi mí sí? Ẹ̀yin náà lẹ máa borí, Mọ́mì. Iná yín ò tíì kú látìgbà tí mo ti dé."

"Àárọ̀ ọ̀la ló kù."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Arlene kò fọwọ́ kan igi mápù. Igi páìnì wẹ́wẹ́ mélòó kan ló kó sínú sítóòfù, ó fi ọwọ́ irin sílẹ̀ lókè, ó sì ṣí afẹ́fẹ́ gbayawu. Ó mọ̀ pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè rí ọ̀gànjọ́. Ó gòkè, ó to aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, ó fi fọ́tò Roméo sáàárín wọn, ó sì sùn bí ọmọ tuntun.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé àpótí, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu rẹ̀: "Ọmọ mi, o borí." Lórí àtẹ̀gùn ni ooru ti pàdé rẹ̀.

Ìdí sítóòfù ni Paulette sùn sí, èédú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, igi mápù ńláńlá ń pọ́n yòò nínú iná lẹ́yìn rẹ̀, ó lajú, ó rí àpótí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì fò dìde: "Iná ò kú o, Mọ́mì. A ti jọ ṣàdéhùn, ilé yín lẹ ó máa gbé."