Lẹ́tà Bàbá Roqeeb

Lẹ́tà bàbá Roqeeb tún ti dé sí Peckham, ní London, láti Ìwó.

Roqeeb, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà kí àwọn ará ilé má baà pè é mọ́.

Ó ń fi ohùn arúgbó ka lẹ́tà náà fún Shiloh, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, má jẹ ẹlẹ́dẹ̀ o! Má tẹ̀lé òyìnbó wọlé!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mummy Shiloh wọlé, wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Roqeeb, wọ́n kà á, ojú wọn yí padà.

"Ọ̀gá akọ̀wé, ibo ni ẹlẹ́dẹ̀ wà níbí? Ṣé o tiẹ̀ lè ka Yorùbá?"

Roqeeb na ọwọ́ sí lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n Mummy Shiloh kò fi sílẹ̀.

"Ohun tí wọ́n kọ rèé: 'Màmá rẹ ti gbàgbé orúkọ gbogbo wa. Tìrẹ nìkan ló kù. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kí tìrẹ náà tó lọ.'"