Ìwé Ọ̀fẹ́ Inú Láàpútọ́ọ̀pù

Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ o!

Èmi àti Dammy lọ kí òbí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní Festac, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

A bá Mọ́mì tó ń nu eruku ara ìwé.

Dammy ní, "Háà, Mà, ta ló ṣì ń ra ìwé? Ọ̀fẹ́ ni lórí ńẹ́ẹ̀tì!"

Ó ṣí ìwé Yorùbá kan lórí láàpútọ́ọ̀pù, ó kà á sókè: "Okó Bàbá ti bàjẹ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́."

Tíì há Dádì lọ́fun.

Ojú ń tì mí bíi pé èmi ni mo kà á.

Mọ́mì rọra ní, "Ọkọ̀ ni mo kọ sínú ìwé mi. Ẹni tó jí i tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ni ò fàmì sí i."

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Dammy, ṣé ẹ máa kúnlẹ̀ ni àbí ẹ máa sá?