Ọmọ Jórinjórin Tí Kò Ka Ìwé Físíìsì Kankan Tán

Ẹ má sáré fo ìtàn yìí o. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá bí ọmọ kan bá wà nílé yín tó ń múra ìdánwò.

1.

Jórinjórin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ku òun àti ọmọ méjì. Èyí ọkùnrin ti di olùkọ́ físíìsì. Èyí obìnrin, àbíkẹ́yìn, ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà, nítorí láti kékeré ló ti máa ń fi àkísà di ẹsẹ̀ adìẹ tó bá ń tiro.

Ojú bàbá wọn kò dáa mọ́. Iná tó ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́, nígbà mìíràn láìfi nǹkan bojú, ti jẹ ojú náà. Oníṣègùn ojú ti sọ fún un pé èyí tó kù níbẹ̀ kò ní pẹ́ lọ, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Bàbá ò sunkún. Ó mọ̀ pé nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ọmọ òun fẹ́ wọ̀, ọjọ́ tí èèyàn bá wọlé ni wọ́n ń wọ kóòtù funfun fún un.

"Dókítà mi," ló wí, "kí ojú yìí tó lọ, jẹ́ n fi rí ẹ nínú kóòtù yẹn."

"Ẹ máa rí mi, Bàbá mi. Ọdún yìí náà ni mo máa wọlé."

2.

Físíìsì nìkan ló ń dẹ́rù bà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gbé ìwé kan fún un, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ físíìsì. Èèpo ìwé náà ti já, ewé rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kó ka orí kan, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ìbéèrè tó wà ní ìparí rẹ̀ kó tó ṣí òmíràn, títí yóò fi dé ẹ̀yìn ìwé.

Dókítà dúpẹ́, ó sì ti ìwé náà bọ abẹ́ ibùsùn. Ẹ wo ìgbéraga! Àwọn tí wọ́n jọ ń múra ìdánwò ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ya fọ́tò ìwé tuntun síbẹ̀, èyí tó ń dán, tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ṣé ìwé tó ti ya ni òun yóò wá gbé sáàárín wọn? Ó ra èyí tí wọ́n ń yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́: bí a ṣe ń wọn nǹkan, bí nǹkan ṣe ń rìn, bó ṣe ń já bọ́. Kó tó kúrò níbẹ̀, ẹnì kan ní òmíràn ló dáa jù. Ó pa ti tẹ́lẹ̀ tì, ó ra ìyẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tó ṣe, ó kó sórí fídíò. Olùkọ́ inú fídíò náà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń wọn nǹkan.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tó ń lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé ló mọ̀ bí orúkọ ara rẹ̀. Iná mànàmáná, ìró àti ìmọ́lẹ̀, tó wà lẹ́yìn, kò débẹ̀ rí. Tábìlì rẹ̀ kún, ó sì rò pé orí òun náà ń kún.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo tábìlì náà, ó béèrè èyí tó ti kà tán níbẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ìwé yín ti pẹ́ jù. Àwọn tó ń wọlé ò kà á mọ́."

"Ṣé nǹkan kì í já bọ́ sílẹ̀ mọ́ ni?" ẹ̀gbọ́n bi í.

Bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló gbèjà rẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀, Dókítà òun mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun ọmọ náà títí dòní.

3.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìbéèrè físíìsì àkọ́kọ́ dá lórí bí nǹkan ṣe ń já bọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ya àwòrán ojú èèyàn kan tí kò ríran dáadáa, wọ́n ní kó yan lẹ́ńsì tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ó wo àwòrán náà títí. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń rí, kò sì mọ ìdáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́wọ́.

Físíìsì nìkan ló já a kulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà.

"Bàbá mi, mi ò wọlé."

Bàbá ní kò burú, ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà níwájú. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ojú náà kò ní dúró dè é.

4.

Ó fa ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó dé orí iná mànàmáná, bàbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé orí ìmọ́lẹ̀, bàbá ti ń táràrà wá ife omi tó wà níwájú rẹ̀. Omijé ló fi ṣe gbogbo ìbéèrè orí yẹn, ó sì ṣe é tán.

Ó wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó wọ kóòtù náà wálé, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá. Bàbá fọwọ́ tọ ọrùn aṣọ náà, ó tọ bọ́tìnì rẹ̀ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń fọwọ́ tọ ojú ibi tó bá jó irin pọ̀ sí.

"Ṣé ó funfun dáadáa?" ló béèrè.

"Ó funfun, Bàbá mi."

Ẹ̀gbọ́n jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó lọ sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń múra ìdánwò, ìkìlọ̀ rèé o. Ìwé kì í wọnú èèyàn nítorí pé ó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan tó dáa, kódà kó ti gbó, kí ẹ bá a dé ẹ̀yìn. Ẹ yé ra ìwé nítorí fọ́tò. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó gbọ́, nítorí ọdún tó ń bọ̀ yóò dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bóyá ojú tó ń wọ̀nà fún yín kò ní lè rí i.