Lefiatani Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Omi ti mu tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi dé àyà nígbà tó rí ìtì ọ̀pẹ kan tí odò ń gbé bọ̀.

"Ṣìkẹ́mi, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, dì mọ́ ọn."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ń gbọ̀n lórí àpáta tí ìkún omi ká a mọ́, ó sì kù díẹ̀ kí omi bo àpáta náà mọ́lẹ̀. Tíṣà kò mọ̀wẹ̀, àwọn tó sáré lọ wá okùn kò sì tíì dé.

"Tíṣà, kì í ṣe igi. Ẹ wo ìpẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ yà á fún wa."

Ó yà á lóòótọ́. Kí àwọn ọmọdé lè yé wẹ̀ nínú odò yìí, ó ṣí ìwé Jóòbù, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya Lefiatani, abàmì ẹranko inú omi, sójú pátákó, ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbí ló ń gbé, pé tó bá fẹ́ gbé ọmọ, á léfòó bí igi.

"Irọ́ ni mo pa, Ṣìkẹ́mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, irọ́ ni mo pa fún yín."

Ọmọ náà mi orí. "Ẹ̀yin kì í purọ́, tíṣà."

Ìtì ọ̀pẹ náà fara kan àpáta, ó dúró díẹ̀, bí ọkọ̀ tó ń dúró de èrò. Ọmọ náà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà, ó jẹ́ kó kọjá.