Òjìji Lára Wúrà

Ní ọ̀sán gbogbo Ọjọ́bọ̀, iná ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde a tàn sára ògiri gbọ̀ngàn Ìjẹ̀bú-Òde, àwòrán pátákó wúrà ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń ká bí ìwé a sì yọ, tòun tàwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n yà sí i. Àwọn òǹwòran a bọ́ bàtà láti bọ̀wọ̀ fún un. Ojúlówó rẹ̀ wà nínú òkùnkùn ní Japan lọ́hùn-ún, kí ìmọ́lẹ̀ má baà bà á jẹ́. Òfin ò jẹ́ kí ojú ẹ̀dá kàn án mọ́.

Morádéyọ̀ kì í wo ẹyẹ. Àárò tó ń sọ ọ́ ló ń gbé e wá. Igun ìsàlẹ̀ ló máa ń tẹjú mọ́, níbi tí òjìji ọkùnrin kan ti hàn fírífírí. Adéṣínà ọkọ rẹ̀ ni. Òun ló lọ ya fọ́tò pátákó náà kí wọ́n tó tì í pa, òjìji rẹ̀ sì bọ́ sínú fọ́tò ọ̀hún; kò padà wálé láàyè.

"Màmá, ẹ wò ó dáadáa lónìí o," ni Jọláadé tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wí. "Wọ́n ní ká nu àbàwọ́n igun ìsàlẹ̀ yẹn kúrò nínú àwòrán lọ́la."

Morádéyọ̀ dìde, ó lọ dúró sáàárín ẹ̀rọ àti ògiri. Òjìji tirẹ̀ bọ́ sórí wúrà, ó fara kan ti ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti dí iná."

"Fi wá sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Ó tọ́jọ́ mẹ́ta tá a ti jọ dúró kẹ́yìn."