Sàréè Kẹjọ Lóko Bàbá

Ìyá àgbà tún fi ọ̀bẹ ha òkúta orí sàréè keje, ṣùgbọ́n òjò ti fọ orúkọ tó wà níbẹ̀ dànù pátápátá. Katapílà ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú,” ni awakọ̀ katapílà wí. “Ọ̀gá ní tí mo bá rí orúkọ kan péré nínú itẹ́ òkú ẹbí yín yìí, kí n fi í sílẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, títì á gba orí wọn kọjá.”

“Ó ku ẹyọ kan. Jọ̀ọ́, ọmọ mi.”

Omi ti fẹ́ tán lẹ́yìn ẹja. Ogójì ọdún rèé tó ti bá ọkọ tí bàbá rẹ̀ kọ̀ sá lọ, tí bàbá sì ránṣẹ́ pé òun ti sin ọmọ òun. Kò fẹsẹ̀ tẹ oko yìí mọ́ àfi lónìí. Ó fa koríko sàréè kẹjọ tu, ó ha òkúta rẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́tà yọ.

“Orúkọ rèé!” Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé. “Ó mà ṣe o! Ọmọ ogún ọdún péré. Ó ku orúkọ tiyín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, Màmá.”

Ìyá àgbà ń wo orúkọ tirẹ̀ gan-an lára òkúta.

“Ti òkú yẹn ti tó, ọmọ mi.”